Kíndìnrín Mi Tó Wà Lára Hàmídù

Èmi Kàrímọ́tù ni mo yọ̀ǹda ọ̀kan nínú kíndìnrín mi méjèèjì fún ẹ̀gbọ́n mi Hàmídù. Mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ìyẹn lẹ́nu mi, nítorí bí ẹ bá dé ìlú Tchamba tí ó ń gbé, tí ẹ bi òun fúnra rẹ̀, ìtàn mìíràn ni ẹ ó gbọ́.

Ó ti pé ọdún márùn-ún báyìí tí kíndìnrín tirẹ̀ kọṣẹ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, ojú rẹ̀ wú, oúnjẹ kò wọ̀ ọ́ lẹ́nu mọ́. Oníṣòwò àgbàdo ni ní Tchamba. Ó ti lọ sí Mẹ́kà lẹ́ẹ̀mejì, kò sì sí ẹni tí kò mọ̀, nítorí kí ènìyàn tó jókòó tán níwájú rẹ̀ ni yóò ti sọ ọ́. Àwọn dókítà ní ohun tó lè gbà á là ni kí ọmọ ìyá rẹ̀ kan fún un ní kíndìnrín kan, pé ènìyàn lè fi ẹyọ kan ṣoṣo gbé ayé. Àwa mẹ́rin ni ìyá wa bí. Ẹ̀gbọ́n wa àgbà ní ẹ̀jẹ̀ ríru, wọn ò lè gba tirẹ̀. Àbúrò wa ọkùnrin ní òun ń lọ kí àwọn àna òun ní ilẹ̀ Benin ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n fẹ́ yẹ ẹ̀jẹ̀ wa wò, kò sì rántí ọ̀nà ilé títí a fi lọ ṣe iṣẹ́ abẹ ní Íńdíà tí a fi bọ̀. Ó wá ku èmi, opó tó ń kọ ebè iṣu ní Kambolé. Wọ́n yẹ̀ mí wò, wọ́n ní ara mi bá tirẹ̀ mu dáadáa.

Nígbà tí mo gbà, Hàmídù kò dúpẹ́. Ó bi dókítà bóyá kíndìnrín obìnrin lè gbé ọkùnrin bíi tòun. Dókítà ní kíndìnrín kò mọ akọ yàtọ̀ sí abo. Hàmídù mi orí bí ẹni tí wọ́n gbé ọbẹ̀ kíkan kalẹ̀ fún nílé àna, tí kò sì fẹ́ kó dà bíi pé òun kọ̀ ọ́.

Iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ṣe fún wa ní Íńdíà yọrí sí rere. Ọjọ́ kejì ni ó ti ń tọ̀ bí ọmọ tuntun. Èmi ni mo pẹ́ kí n tó lè na ẹ̀yìn mi, mo sì pàdánù ọ̀gbìn ọdún yẹn.

Ọdún kan lẹ́yìn tí a dé, mo kó iṣu lọ sí ọjà Tchamba. Obìnrin kan tó ń ra iṣu lọ́wọ́ mi, tí kò mọ̀ pé ọmọ ìyá kan náà ni wá, bẹ̀rẹ̀ sí ròyìn Alájì Hàmídù fún mi. Ó ní kíndìnrín sójà ni wọ́n fi sí i lára ní Íńdíà, sójà gíga kan tó kú sójú ogun, pé ìdí nìyẹn tí Alájì fi ń rìn bí ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Mo béèrè ẹni tó sọ fún un. Ó ní Alájì fúnra rẹ̀ ni. Mo bá a di iṣu rẹ̀ sínú àpò, mo sì padà sílé. Ojú àpá ẹ̀gbẹ́ mi ń yún mi ní gbogbo ọ̀nà.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀. Mi ò bá a jà. Ẹni tí a bá kà sí ni à ń bá jà. Bí ó bá ránṣẹ́ pè mí, mo ń jẹ́ ẹ. Bí ó bá sọ̀rọ̀, mo ń dáhùn. Ṣùgbọ́n bí mo bá ń wò ó nínú agbádá funfun rẹ̀, tó ń fi tẹ̀sùbáà ṣeré níwájú àwọn àlejò, ohun kan ṣoṣo ni mo máa ń rò: pé ohun tó sàn jù lọ lára ọkùnrin yìí, èmi ni mo fún un.

Ẹni tó bá gba kíndìnrín ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ máa gbé oògùn mì láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ títí yóò fi kú. Àwọn ẹ̀ṣọ́ kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ tó ń lé àjèjì, wọn kò sì mọ̀ pé ìwọ fúnra rẹ lo pe àjèjì yìí wọlé. Oògùn náà ló ń mú wọn dákẹ́. Bí a bá dá a dúró, wọn á dìde sí kíndìnrín náà, wọn á sì jẹ ẹ́ run. Rejet ni àwọn elédè Faransé ń pe ìyẹn, ìkọ̀sílẹ̀. Wọ́n kọ́ Hàmídù ní gbogbo èyí ní Íńdíà títí ó fi ń sùn lórí àga.

Ó ń lọ fún àyẹ̀wò ní Sokodé lóṣù mẹ́ta-mẹ́ta. Dókítà Ládiípọ̀ ń ti Lomé wá síbẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan lóṣooṣù láti wo àwọn tó ní àìsàn kíndìnrín. Nọ́ọ̀sì tó ń gba ẹ̀jẹ̀ ń jẹ́ Fọlákẹ́, ọmọ Yorùbá tí wọ́n tọ́ ní Sokodé nínú ìjọ Àgùdà, tó ń fi Tem, èdè àwọn ará Sokodé, pe owó ọjà tó sì ń fi Yorùbá bá wa sọ̀rọ̀. Èmi náà máa ń tẹ̀ lé Hàmídù lọ. Ó ní ó yẹ kí ènìyàn òun kan wà lọ́dọ̀ òun. Ohun tí ó túmọ̀ sí ni pé kí ẹnìkan gbé báàgì.

Kò fẹ́ràn Fọlákẹ́. Ó máa ń béèrè bóyá kò sí ọkùnrin tó lè fa ẹ̀jẹ̀ òun. Fọlákẹ́ á rẹ́rìn-ín, á wá iṣan rẹ̀, á sì ti gba ẹ̀jẹ̀ tán kí ó tó parí àròyé rẹ̀.

Ní ọdún méjì sẹ́yìn, Fọlákẹ́ fi ìgò tẹ́ẹ́rẹ́ kan kún àwọn tó máa ń lò. Ó ní àwọn olùwádìí kan ní ilẹ̀ Faransé ló ní ká máa fi ẹ̀jẹ̀ ránṣẹ́, kí wọ́n lè mọ̀ ṣáájú bí ara bá fẹ́ kọ kíndìnrín. Hàmídù ti fojú rẹ̀ sí fóònù, kò fetí sílẹ̀. Èmi ni mo ní kí ó ṣàlàyé fún mi, nítorí ọ̀rọ̀ náà kàn mí.

Fọlákẹ́ ní inú gbogbo sẹ́ẹ̀lì ara wa ni ìwé ńlá kan wà tí a jogún lọ́wọ́ ìyá àti bàbá wa. Àwọn orí tó wà nínú ìwé náà ni à ń pè ní jíìnì. Ìwé kan náà ni gbogbo sẹ́ẹ̀lì ní, ṣùgbọ́n orí tí wọ́n ń kà kì í ṣe ọ̀kan náà. Nígbà tí ara bá fara balẹ̀, àwọn ẹ̀ṣọ́ inú ẹ̀jẹ̀ á pa àwọn orí tó jẹ mọ́ ìjà dé. Bí wọ́n bá ti ń múra ogun, wọ́n á ṣí wọn. Omi tó wà nínú ìgò tẹ́ẹ́rẹ́ náà ń dá wọn dúró síbi tí wọ́n kàwé dé, kí àwọn tó wà ní Faransé lè wo orí tó ṣí sílẹ̀.

Mo bi í pé kí wá ni àyẹ̀wò àtijọ́ ń ṣe. Ó ní ìyẹn ń wá ìdọ̀tí tí kíndìnrín kò rí kó kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Bí ìdọ̀tí bá ti pọ̀, á jẹ́ pé wọ́n ti jà, wọ́n sì ti ba nǹkan jẹ́.

"Èyí tuntun yìí ń gbọ́ wọn nígbà tí wọ́n ṣì ń pọ́n ọ̀bẹ, Ìyá," ni ó wí.

Ó yé mi. Opó tí kò kọjá ìwé kẹfà ni mí, ó sì yé mi.

Fún ọdún kan ààbọ̀, gbogbo èsì tó ń ti Faransé bọ̀ ni ó dára. Láàárín ìgbà náà ni Hàmídù fẹ́ ìyàwó tuntun, Àmínátù, ọmọ ìlú Goubi, ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún. Ọjọ́ ìtọrọ ìyàwó náà, ó tún ròyìn sójà Íńdíà fún àwọn àna rẹ̀ níṣojú mi. Mo ń jẹ ìrẹsì mi. Bí mo bá tú àṣírí rẹ̀ níbẹ̀, wọ́n á rò pé ìlara ni.

Nígbà ọyẹ́ tó kọjá, Fọlákẹ́ pè mí lórí fóònù. Ó ní kí n rí i pé Alájì wá sí Sokodé ní ọjọ́ Mọ́ńdè, òun ti pè é lẹ́ẹ̀mẹta, Alájì ní ọwọ́ òun dí, òwò ni òun ń ṣe. Mo lọ mú un ní Tchamba. Ó bínú ní gbogbo ọ̀nà, ó ní àwọn ènìyàn yìí fẹ́ràn láti máa yọ àgbà lẹ́nu.

Dókítà Ládiípọ̀ tẹ́ ìwé mẹ́ta sórí tábìlì. Ìkíní fi hàn pé ìdọ̀tí kò pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀. Ìkejì fi hàn pé oògùn wà nínú ẹ̀jẹ̀ bó ti yẹ. Ẹ̀kẹta ni ó ti Faransé wá, ó sì fi hàn pé àwọn ẹ̀ṣọ́ ti ṣí orí ogun, wọ́n sì ń kà á kíkankíkan. Dókítà ní ohun tó ń ya òun lẹ́nu nìyẹn, nítorí ẹni tó bá ń mu oògùn rẹ̀ déédéé, ó ṣòro kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ máa sọ irú nǹkan báyìí. Ó béèrè, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, bóyá Alájì máa ń gbàgbé oògùn nígbà mìíràn.

Hàmídù rẹ́rìn-ín. Ó na ìka sí ìwé kìíní àti èkejì, ó ní méjì ló dáa, ọ̀kan ni kò dáa, èwo ni ọlọ́gbọ́n yóò gbà gbọ́? Ó ní ó lè jẹ́ iná mànàmáná ló ń yọ ẹ̀rọ àwọn òyìnbó lẹ́nu. Ó ní òun fi Ọlọ́run búra, wàláhì, òun kò pa oògùn jẹ rí.

Dókítà kò bá a jiyàn. Ó ní àyẹ̀wò tuntun náà lè ṣàṣìṣe, òun kò ní purọ́. Ohun tó lè yanjú ọ̀rọ̀ ni kí wọ́n fi abẹ́rẹ́ mú bíńtín lára kíndìnrín náà ní Lomé, kí wọ́n wò ó. Hàmídù dìde. Ó ní kò sí ẹni tí yóò gún òun lábẹ́rẹ́ nítorí ìwé kan. Kí ó tó jáde, ó bojú wo Fọlákẹ́ láti òkè dé ilẹ̀, ó ní ọmọdébìnrin tí kò mọ ẹ̀jẹ̀ gbà ló kó gbogbo èyí wá.

Mo bá a padà dé ilé rẹ̀ ní Tchamba, nítorí báàgì rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi. Ó lọ sí mọ́sálásí. Àmínátù bu omi fún mi, ó jókòó tì mí, ó sì ń fi ọwọ́ tẹ etí aṣọ rẹ̀.

"Ìyá, ẹ má bínú. Oògùn tí Alájì ń tọ́jú sínú àpò àgbàdo, ti kí ni?"

Ó mú mi lọ sí yàrá tí wọ́n ń kó àgbàdo sí. Ó ki ọwọ́ bọ àpò kan, ó yọ agolo wàrà kan jáde. Káńsúlù tí wọ́n ní kó máa gbé mì láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ kún inú rẹ̀ dé ẹnu. Ó ní láti oṣù keje ni òun ti ń rí i tó ń kó wọn síbẹ̀. Bí ó bá ku ọjọ́ márùn-ún kí a lọ Sokodé, á bẹ̀rẹ̀ sí mu ún. Bí a bá ti dé, á tún dá a dúró. Òun béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Alájì ní ọ̀rẹ́ òun kan sọ fún òun pé káńsúlù náà ń pa agbára ọkùnrin, pé ọkùnrin tó ní kíndìnrín sójà lára kò nílò rẹ̀.

Mo mọ ọ̀rẹ́ náà. Ajílẹ̀ ni ó ń tà.

Mo jókòó sórí àpò àgbàdo náà. Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́: ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni kí n dákẹ́. Kí ó kú ikú tó yàn. Mo ti fún un, ohun tí a bá fún ènìyàn ti di tirẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò lè gbé e kúrò lọ́kàn. Ẹran ara mi ni, tí ìyá mi bí mọ́ mi, tó ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru nínú ikùn òmùgọ̀ yìí, tí kò ṣẹ ẹnikẹ́ni, tí àwọn ẹ̀ṣọ́ sì ti yí i ká. Kò sí ẹlòmíràn tó lè gbèjà rẹ̀.

Mo bi Àmínátù bóyá yóò bá mi dé Sokodé lọ́jọ́ kejì. Ẹ̀rù bà á. Lẹ́yìn náà ó ní òun yóò lọ.

A gun zẹ́mìjàn, alùpùpù akérò, agolo náà wà nínú ìborùn mi. Mo ti bẹ ẹ̀gbọ́n wa àgbà pé kí ó pe Hàmídù wá sí Sokodé fún ọ̀rọ̀ mìíràn, kí ó sì mú un dé ọ̀dọ̀ dókítà. Bí ó ti wọlé tó rí èmi àti ìyàwó rẹ̀, ojú rẹ̀ yí padà. Mo da agolo náà sórí tábìlì. Káńsúlù yí lọ síbí, yí lọ sọ́hùn-ún, Fọlákẹ́ ń ṣà wọ́n nílẹ̀. Mo sọ gbogbo ohun tí mo rí, àti ọjọ́ márùn-ún tó fi ń tan àyẹ̀wò jẹ.

Hàmídù kò wo dókítà. Èmi ni ó wò.

"Kàrímọ́tù, ṣé o fẹ́ dójú tì mí níwájú ìyàwó mi ni?"

"Ìyẹn kọ́ ló gbé mi wá, ẹ̀gbọ́n. Kíndìnrín mi ni mo wá gbà sílẹ̀. Ẹ ti sọ ọ́ di ti sójà, mo dákẹ́. Ẹ ò ní sọ ọ́ di òkú."

Àmínátù wò mí, ó wo ẹ̀gbẹ́ mi níbi tí aṣọ bo àpá, ó sì wo ọkọ rẹ̀. Mo rí ojú tó fi wò ó, mo sì mọ̀ pé ó ti dara pọ̀ mọ́ mi nínú títẹ́ńbẹ́lú rẹ̀ tí mò ń dá ṣe láti ọjọ́ yìí wá. Dókítà Ládiípọ̀ ń ka káńsúlù, ó rọra ń fi ìka tì wọ́n ní mẹ́wàá-mẹ́wàá. Ó ní òun ti mọ ìdí tí ìwé ẹ̀kẹta fi sọ ohun tó sọ.

Wọ́n gbé e lọ sí Lomé lọ́jọ́ kẹta. Èyí tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ mú fi hàn pé àwọn ẹ̀ṣọ́ ti wọ inú kíndìnrín náà, wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ibi, ṣùgbọ́n wọn kò tíì lọ jìnnà. Wọ́n fi oògùn líle kán sí i lára fún ọjọ́ mẹ́ta. Dókítà ní bí a bá dúró dìgbà tí àyẹ̀wò àtijọ́ yóò fi sọ̀rọ̀, ó ṣeé ṣe kí ìdajì rẹ̀ ti lọ.

Mo jókòó tì í ní ilé ìwòsàn. Ọkùnrin tó kẹ́gàn abẹ́rẹ́ ní Sokodé ń sunkún ní Lomé bí wọ́n bá kàn ń tún ìrọ̀rí rẹ̀ ṣe. Ní ọjọ́ kejì, ó di ọwọ́ mi mú. Mo rò pé ó fẹ́ dúpẹ́, ojú sì ti ń tì mí nítorí ohun tí mo ti ń rò nípa rẹ̀. Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀.

"Bí èyí bá bàjẹ́, Kàrímọ́tù, ṣé òmíràn á ṣeé rí?"

"Ó ku ọ̀kan, ẹ̀gbọ́n. Èmi ni mò ń lò ó."

Ó jọ̀wọ́ ọwọ́ mi, ó sì kọjú sí ògiri.

Kíndìnrín náà yè. Àpá díẹ̀ wà lára rẹ̀ tí kò ní lọ mọ́, ṣùgbọ́n ó ń ṣiṣẹ́. Àmínátù ló ń tọ́jú káńsúlù báyìí. Láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, á dúró níwájú rẹ̀ pẹ̀lú ife omi, á ní kí ó la ẹnu kí òun rí abẹ́ ahọ́n rẹ̀. Ó ń la ẹnu. Mo bá wọn bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kan, àlejò méjì sì wà níbẹ̀. Ó ń sọ fún wọn pé ẹ̀jẹ̀ òun le tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n Faransé fi bẹ òun pé kí òun máa fi ránṣẹ́ sí àwọn, kí wọ́n lè máa kà á. Wọ́n ń ṣe hẹ̀n-ẹ́n. Àmínátù ní kí ó gbé ahọ́n sókè.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò, èsì tuntun ti Faransé dé. Fọlákẹ́ pè mí, ó ní àwọn ẹ̀ṣọ́ ti pa ìwé ogun dé. Hàmídù kò pè mí ní tirẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Fọlákẹ́, mo fẹ́ pa fóònù, ó ní kí n dúró.

"Ìyá, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tiyín ńkọ́? Ìgbà wo ni wọ́n yẹ̀ yín wò kẹ́yìn?"

Mo rò ó títí. Íńdíà ni. Ọdún márùn-ún, mò ń gbé báàgì tẹ̀ lé ẹ̀jẹ̀ Hàmídù kiri, kò sí ẹni tó bi mí, èmi náà kò sì bi ara mi. Mo gba ìbáwí yẹn. Mo ti ń pe ẹlòmíràn ní òmùgọ̀ láti ọjọ́ yìí.

Mo lọ sí Sokodé ní ọjọ́ Tọ́sìdeè, èmi nìkan. Fọlákẹ́ fún mi ní àga tí Hàmídù máa ń jókòó sí, ó wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ mi, ó gba ẹ̀jẹ̀ mi. Kíndìnrín tó kù sí mi lára dáa. Ìfúnpá mi ga díẹ̀, ó ní kí n dín iyọ̀ kù, kí n sì máa mu omi dáadáa lóko. Ó kọ ọjọ́ tí n ó padà wá sínú ìwé kékeré kan tó ní orúkọ mi lára, Kàrímọ́tù, láìsí orúkọ Hàmídù níbì kankan. Mo ki ìwé náà bọ ìborùn mi. Mo jáde, mo wá zẹ́mìjàn tó ń lọ sí apá Kambolé, nítorí ojú ọjọ́ ti ń ṣú, mo sì fẹ́ dé ebè mi kí òjò tó bẹ̀rẹ̀.